Bí mo ṣe di dátà àti kóòdù ìwádìí ìtọ́kasí kí ẹlòmíì lè tún un ṣe

Ìwé ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́ tó ti Ìbàdàn jáde la tò, a sì wo àwọn tó tọ́ka sí wọn. Ohun tó kù ni kí ẹni tó wà ní Bódìjà tàbí ní Jámánì fi àṣẹ kan ṣoṣo ṣe kóòdù wa, kí àtẹ tirẹ̀ bá tiwa mu, iye fún iye.

OpenAlex, àkójọ ìsọfúnni nípa ìwé ìwádìí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti kó dátà. Scopus àti Web of Science, àwọn àkójọ bíi tirẹ̀, ní àdéhùn tí kò jẹ́ ká kàn gbé dátà wọn síta fún gbogbo ayé. Ti OpenAlex wà lábẹ́ CC0, ìwé àṣẹ tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ lè pín in bó ṣe wù yín. Tí èsì bá ju 10,000 lọ, nọ́ńbà ojú ewé kò ní gbé yín débẹ̀, cursor, àmì tó ń sọ ibi tí èsì tó kàn ti bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ lò. Mo ní kí kóòdù máa kọ cursor tó kàn sínú fáìlì kékeré kan. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, ibi tó dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Iye ìtọ́kasí kì í dúró sójú kan: tòní lè yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà mo fi déètì sórúkọ fáìlì JSON tí mo kó wálẹ̀, mo fún un pọ̀, mo sì fi í sí data/raw. Ibẹ̀ ni kóòdù ti ń kàwé, kì í padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Orúkọ àwọn òǹkọ̀wé ló gba àkókò jù. Ẹ wo Adébọ́lá. Ẹnì kan lè tẹ ọ kó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíì á tẹ ó kó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà èèyàn méjì ni. Ìlà Python (èdè tí a fi kọ kóòdù wa) yìí ló sọ wọ́n di ẹyọ kan: unicodedata.normalize("NFC", oruko). DOI náà, àmì ìdánimọ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kékeré, kí ẹ gé https://doi.org/ kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ má fi Excel ṣí CSV (fáìlì àtẹ tí kọ́mà pín) kí ẹ tún tọ́jú u o! Ojú ewé 3-12 á di déètì.

Leiden, ọ̀nà ìṣírò tó ń kó àwọn ìwé tó so mọ́ra jọ, la fi pín àwọn ìwé sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Láìfún un ní seed, nọ́ńbà tí kì í jẹ́ kí yíyàn rẹ̀ yí padà, ẹgbẹ́ kẹta àná lè di ẹgbẹ́ kẹfà lónìí. Mo kọ seed náà sínú README, fáìlì àlàyé iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀dà Python tí mo lò. Àṣẹ pip freeze ló kọ requirements.txt, àkọsílẹ̀ àwọn àfikún Python tí mo lò àti ẹ̀dà wọn.

GitHub, ibi tí a ń pín kóòdù sí, kì í gba fáìlì tó ju 100 MB lọ, nítorí náà kóòdù nìkan ló wà níbẹ̀, lábẹ́ ìwé àṣẹ MIT. Zenodo, ibi ìpamọ́ dátà ìwádìí, ni dátà lọ pẹ̀lú sha256 fáìlì kọ̀ọ̀kan, àmì tó ń fi hàn pé fáìlì kò yí padà. DOI oríṣi méjì ló ń fúnni, ti gbogbo ẹ̀dà àti ti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi sínú ìwé yín.

Kí n tó tẹ Publish lórí Zenodo, mo gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan ní Agbowó tí kò bá wa ṣiṣẹ́ náà rí. Ìlà kejì ni kóòdù ti kú: ọ̀nà fólda kọ̀ǹpútà tèmi ló wà níbẹ̀, /home àti orúkọ mi. Mo sọ ọ́ di data/raw lásán, àtẹ sì jáde. Ká ní mo ti tẹ Publish ni, ó lè di dandan kí n gbé ẹ̀dà tuntun síta.