Bí a ṣe ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà ilé láìra antivirus kankan

Màmá kan tó jẹ́ tíṣà nílùú Kàbà gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi. "Ọ̀kun o, ọmọ mi. Bá mi wò ó, ó ń rìn bí ìgbín." Mo tàn án. Antivirus mẹ́ta, àwọn ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, ni mo bá níbẹ̀. Méjì nínú wọn ti lo oṣù ọ̀fẹ́ wọn tán, owó ni wọ́n ń tọrọ láràárọ̀. Ilé kan ṣoṣo, ọdẹ mẹ́ta, kálukú ń fura sí ẹnì kejì. Ibo ni onílé fẹ́ gbà kọjá?

Àwa tí a fi títún kọ̀ǹpútà ṣe fàájì, tí a kò fi jẹun, èrò wa ti yí padà lórí ọ̀rọ̀ antivirus. Láti ìgbà Windows 8, lọ́dún 2012, ni Microsoft ti ń fi Defender tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, ó sì tọ́ sí i. Lónìí, nínú ìdánwò tí àwọn AV-TEST, ilé iṣẹ́ tó ń dán antivirus wò, ń ṣe ní Jámánì, òun àti àwọn olówó gọbọi jọ ń gba máàkì kan náà ni. Tó bá jẹ́ ti ilé, èmi ò ní ní kí ẹ ra òmíràn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí èyí tí ẹ ní ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo Windows tí ẹ ń lò. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ winver, kí ẹ tẹ Enter. Tó bá jẹ́ Windows 7, Microsoft ti kẹ̀yìn sí i láti oṣù kìíní ọdún 2020. Windows 10 ńkọ́? Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àsìkò tirẹ̀ pé. Ẹni tó bá fẹ́ àfikún àsìkò ní láti forúkọ sílẹ̀ nínú Windows Update. Defender ṣì ń gbọ́ ìròyìn fáírọ́ọ̀sì tuntun lórí rẹ̀ o, àmọ́ ọdẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò lè dí ihò ara ògiri, bẹ́ẹ̀ ògiri tó lanu ni aláǹgbá ń wọ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni WannaCry, fáírọ́ọ̀sì irú tí wọ́n ń pè ní ransomware, ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, ó ní kí wọ́n wá sanwó. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde. Àwọn tó ń sọ pé "màá ṣe é tó bá yá" ló kó sí i. Nítorí náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Windows Update, ẹ jẹ́ kó ṣe é tán, bó tilẹ̀ jẹ dátà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lé àwọn ọdẹ àjèjì lọ. Settings, Apps, Installed apps; ẹ wá orúkọ wọn, ẹ tẹ Uninstall, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Defender máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí antivirus mìíràn bá wọlé, tí ìyẹn bá sì jáde, òun náà á jí. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ wò ó bóyá Real-time protection wà ní On. Ẹ má sì rò pé tọ̀fẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò ní ẹ̀gún nínú: lọ́dún 2024, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà ní kí Avast san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, torí wọ́n ń ta àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn oníbàárà wọn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sì sá kúrò ní Avast lọ sí AVG, Avira tàbí Norton, agboolé kan náà ló ṣì wà, Gen Digital ló ni gbogbo wọn.

Ẹ wá tẹ Check for updates lábẹ́ Protection updates. Ẹ̀yin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ń wá tó ń lọ, láti Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ lè ní kí ọ̀rẹ́ yín tó wà níbi tó dáa bá yín gba fáìlì mpam-fe.exe láti orí ìkànnì Microsoft, kó fi sórí fláàṣì fún yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí.

Fláàṣì gan-an ló ń dà wá láàmú jù níbí. Ẹ gbé e lọ sí kafé láti tẹ ìwé kan ṣoṣo jáde, ẹ délé, gbogbo fódà inú rẹ̀ ti di shortcut: ọfà kékeré lẹ́sẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó wúwo ju 1KB tàbí 2KB lọ. Ẹ má ṣí i. Fáìlì yín ò sọnù, fáírọ́ọ̀sì ló fi wọ́n pamọ́, ọfà yẹn sì ni ìdẹ. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ orúkọ fláàṣì náà, kí ẹ mú Scan with Microsoft Defender. Lórí Windows 11, ó lè wà lábẹ́ Show more options. Tó bá ti pa ohun tó rí, ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Lẹ́tà fláàṣì tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò E o. Ẹ tẹ Enter, ẹ ní sùúrù. Àwọn fáìlì á yọjú padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa àwọn shortcut yẹn rẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́ sí kafé lórí WhatsApp, kí fláàṣì jókòó sílé.

Bí ara bá ṣì ń fu yín, ẹ wọ Scan options, ẹ mú offline scan. Kọ̀ǹpútà á kú, á tún tan, á sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó jí. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀; ẹ mọ bí iná wa ṣe rí.

Gbogbo èyí ò wúlò fún ẹni tó ń fi activator ṣí Windows tàbí Office olè. Ohun tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus. Olè tó ní kí ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, kí lẹ tún fẹ́ bi í? LibreOffice, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Office, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì ra háàdì dísìkì kan, ẹ da àwòrán àti ìwé yín kọ sórí rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ohun tí kò sí lára kọ̀ǹpútà, kò sí ransomware tó lè tì í pa.

Nígbà tí Màmá padà wá gba láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ títí. "Kò wá sí ọdẹ kankan mọ́ nìyí?" Mo fi asà kékeré hàn án nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tí àmì aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó yà á ní fọ́tò. Ó ní òun fẹ́ lọ fi han ọmọ tó gbowó antivirus mẹ́ta lọ́wọ́ òun.