Tí Shani bá bẹ̀ yín wò: bí àwọn Híńdù ṣe ń tù ú lójú

Nínú pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án tí àwọn Híńdù máa ń kà, Shani, ìyẹn Sátọ̀n, tí wọ́n tún kà sí òrìṣà, ni wọ́n ń sá fún jù. Ó máa ń lo bí ọdún 2½ nínú àmì ìràwọ̀ kan, wọ́n sì ní tó bá ti wọ àmì tó ṣáájú ibi tí òṣùpá wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín, wàhálà ti dé nìyẹn, kò ní tán títí á fi la ti òṣùpá yẹn àti èyí tó tẹ̀lé e kọjá. Ẹ ṣírò ẹ̀, ọdún 7½, òun ni wọ́n ń pè ní Sade Sati. Láti March 2025, àwọn tí òṣùpá wọn wà ní Kumbha (Aquarius), Meena (Pisces) tàbí Mesha (Aries) ló kàn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré ra òkúta iyebíye tí wọ́n ń wọ̀ nítorí Shani o. Neelam, òkúta búlúù yẹn, owó gọbọi ni, àwọn jyotishi tó ń wo ìràwọ̀ gan-an máa ń ní kéèyàn dán an wò fọ́jọ́ mélòó kan ná, torí wọ́n gbà pé ó lè bá èèyàn jà. Òróró ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Sátidé lọjọ́ Shani. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ bu òróró mọ́sítádì tàbí ti yànmọtí sínú fìtílà amọ̀, ẹ tàn án sídìí igi peepal, mọ̀lẹ́bí ọ̀pọ̀tọ́ ni igi yẹn, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀méje, kẹ́ ẹ wá pe "Om Sham Shanaishcharaya Namah" nígbà 108, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ń kà á kó má baà dà rú. Shanaishchara yẹn, ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ló túmọ̀ sí, torí náà ẹ má kánjú pè é.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni chhaya daan, ìyẹn fífi òjìji ẹni tọrẹ. Chhaya ni òjìji, orúkọ ìyá Shani náà sì ni. Ẹ da òróró mọ́sítádì sínú abọ́ irin, ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo ojú yín nínú ẹ̀ dáadáa, ẹ wá gbé òróró tabọ́tabọ́ fún ẹni tí ò ní. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé abọ́ yẹn padà wálé. Ẹ lè fi yànmọtí dúdú, aṣọ dúdú tàbí bàtà kún un. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti tálákà ló jẹ Shani lógún, tẹ́ ẹ bá ń tan fìtílà tẹ́ ẹ sì jẹ ọmọọ̀dọ̀ yín lówó oṣù, òróró lẹ kàn ń fi ṣòfò. Àwọn kan tún máa ń fóúnjẹ fún kannakánná, torí òun ni Shani ń gùn.

Tó bá jẹ́ orin ló rọ̀ yín lọ́rùn, Hanuman Chalisa wà, orin ìyìn Hanuman, òrìṣà tó dà bí ọ̀bọ, ẹsẹ 40, Túsìdé àti Sátidé. Wọ́n ní Hanuman ló tú Shani sílẹ̀ lẹ́wọ̀n Ravana, ọba àwọn ẹ̀mí èṣù, ni Shani bá ṣèlérí pé òun ò ní yọ àwọn èèyàn Hanuman lẹ́nu mọ́.

Ẹni tó lówó ọkọ̀ lè lọ sí Shani Shingnapur ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà, ibi tí wọ́n ti ń da òróró sára òkúta dúdú tí ò lórùlé lórí, tí wọ́n sì ń kọ́lé láìní ilẹ̀kùn torí Shani ló ń ṣọ́ wọn. Tó bá jẹ́ gúúsù Íńdíà, tẹ́ńpìlì Thirunallar ni, lẹ́bàá Karaikal. Ẹ fòróró para, ẹ wẹ̀ nínú adágún Nala Theertham, níbi tí wọ́n ní ọba Nala ti bọ́ lọ́wọ́ Shani, ẹ kí òrìṣà ńlá Shiva kẹ́ ẹ tó kí Shani torí Shiva ló ni tẹ́ńpìlì yẹn. Kẹ́ ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání o, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi èyí tí wọ́n fi wẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ ni.