Ilé àtijọ́ l'Àjàṣẹ́: bẹ́ ẹ ṣe lè pààrọ̀ òrùlé rẹ̀ kí ìjì má gbé e lọ

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ilé àtijọ́, páànù kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rà o. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo wa máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé á dá owó jọ lórí WhatsApp, ẹni tó wà ní Kútọnu á fi tiẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó wà ní Libreville á fi tiẹ̀ ránṣẹ́, ẹnì kan á sáré lọ sí ọjà Wàǹdó lọ kó páànù wálé kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè lọ wo nǹkan kan, páànù á wá máa dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó yé wọn pé orí ògiri ti jẹ tán. Ilé tí mò ń sọ ni ilé amọ̀, ilé Àgùdà (ti àwọn tó ti Brazil padà wálé) tàbí agbolé àtijọ́, l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, nílẹ̀ Benin níbí, kì í ṣe ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ lánàá. Òrùlé tó dáa fún ilé bíríkì lè ba ilé amọ̀ jẹ́.

Àsìkò ńkọ́? Lápá gúúsù níbí, òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, oṣù kẹfà ló máa ń le jù, á dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, á tún dé lóṣù kẹsàn-án, kó tó wá lọ lóṣù kọkànlá. Torí náà, láti ìparí oṣù kọkànlá sí ìparí oṣù kejì ni kẹ́ ẹ ṣí òrùlé. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà yẹn, igi ń gbẹ, amọ̀ tẹ́ ẹ bá mọ sórí ògiri náà á tètè gbẹ. Àwọn kan ní ìdákẹ́ òjò oṣù kẹjọ tó, mi ò bá wọn jà, ó tó fún ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, kò tó fún ilé alájà oníyàrá mẹ́jọ. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ rọ́wọ́ mú jù wá lọ níbí yìí, torí bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sókè bẹ́ẹ̀ ni òjò méjèèjì ń pa pọ̀ di ọ̀kan, ọ̀gbẹlẹ̀ wọn gùn.

Ìjì lọ̀tá o, kì í ṣe òjò. Òjò oṣù kẹfà tó ń rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kì í ṣí páànù. Èyí tó ń ṣí i ni ti ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ti ìparí rẹ̀, ojú ọ̀run á ṣú dùdù lápá ìlà-oòrùn, eruku á kọ́kọ́ dé, ẹ̀fúùfù á tẹ̀lé e, òjò á wá dé kẹ́yìn. Ìlà-oòrùn ló ti máa ń wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi í sọ́kàn, a máa lò ó tá a bá dórí títo páànù.

Kẹ́ ẹ tó pe káfíńtà, ẹ gun àjà fúnra yín (àbí kẹ́ ẹ rán ọmọ tára ẹ̀ yá) lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ ti gbogbo fèrèsé pa. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀, ihò ni, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ bo imú o, torí ilé tó pẹ́ ò ní ṣàì ní àdán, ìgbẹ́ wọn tó ti gbẹ máa ń kó àìsàn bá ẹ̀dọ̀fóró tó bá di eruku, ẹ wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó gbá a. Ẹ mú ìṣó ńlá kan dání, ẹ máa fi gún orí igi kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wọnú ògiri. Ẹ má wulẹ̀ gún àárín rẹ̀, àárín igi máa ń tanni, ẹ lè kan án kó dún koko, nígbà tí orí rẹ̀ tó wà nínú ògiri ti di ìyẹ̀fun. Bí ìṣó bá wọlé láìlo òòlù, igi yẹn ti lọ.

Bó bá jẹ́ páànù aláwọ̀ eérú lẹ bá lókè, èyí tó nípọn, tó ń fọ́ tí kì í tẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Símẹ́ńtì àti àmíántì ni wọ́n fi ṣe èyí tó ti pẹ́ nínú wọn, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ rin ín lómi, ẹ tú u lódindi, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ béèrè ní méérì (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) ibi tí wọ́n gbà kẹ́ ẹ kó o sí. Bẹ́ ẹ bá dé méérì náà, ẹ kúkú béèrè bóyá ilé yín wà lára èyí tí wọ́n ń dáàbò bò, torí àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ àti ààfin rẹ̀ wà nínú ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun àjogúnbá, lọ́dún 1996, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n wá dá iṣẹ́ dúró nígbà tí òrùlé ti ṣí.

Orí ògiri

Ibí niṣẹ́ wà. Omi tó ti ń jò lọ́pọ̀ ọdún á ti fọ orí ògiri, ikán á sì ti gba ibẹ̀ gòkè sínú igi. Ẹ ha gbogbo èyí tó ti rọ̀ kúrò títí ẹ ó fi kan ibi tó le, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi amọ̀ irú ti ògiri náà gan-an mọ ọ́n padà, amọ̀ tẹ́ ẹ ti fi ẹsẹ̀ po pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ sì ti jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Máásọ̀n (bíríkìlà) á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun da símẹ́ńtì sí i, kó le. Ẹ má gbà fún un. Símẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ògiri rọ́nà jáde, omi á há sẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ kan gbogbo rẹ̀ á ya lulẹ̀ tòun ti amọ̀ tó so mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dán lójú, ṣóò (ẹfun sísun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri) ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ ẹ, òun náà làwọn Àgùdà lò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan igi gbọọrọ tó máa sùn lórí ògiri yíká ilé, tí gbogbo igi yòókù máa jókòó lé. Káfíńtà tí kò mọ ilé amọ̀ á fi ìṣó gígùn kàn án mọ́ ògiri, á gbọn ọwọ́ nù, á gba owó ẹ̀. Ìṣó inú amọ̀ ò di nǹkan kan mú! Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí: ní mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ síra wọn, ẹ lu ihò la ògiri já ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 80 sí orí rẹ̀, ẹ fi ọ̀pá irin kúkurú tàbí egé igi líle dábùú ẹnu ihò, ẹ so wáyà tó nípọn tí kì í dípẹtà mọ́ ọn, kí wáyà náà gba iwájú àti ẹ̀yìn ògiri gòkè, kó pàdé lórí igi, kẹ́ ẹ wá fi irin lọ́ ọ títí á fi le dandan. Báyìí, bí ìjì bá fẹ́ gbé òrùlé, àfi kó gbé ògiri mọ́ ọn. Ẹ rẹ́ amọ̀ bo wáyà náà, àlejò ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé òrùlé àtijọ́ wúwo, àwọn tí wọ́n fi amọ̀ sísun bò, àwọn tí wọ́n fi páànù nínípọn ayé ìgbà yẹn bò, ìwúwo yẹn gan-an ló dì wọ́n mọ́lẹ̀. Páànù tòde òní fẹ́lẹ́. Ẹ gbé èyí tó wúwo kúrò, ẹ gbé èyí tó fúyẹ́ dípò, ẹ ò wá dè é, kí lẹ rò pé á ṣẹlẹ̀?

Igi, lẹ́yìn náà páànù

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo igi àtijọ́ dànù o jàre. Ìrókò, apá, rónìyé (irú ọ̀pẹ líle kan) tó ti wà lókè láti ayé bàbá bàbá yín tí ikán ò jẹ, ibo lẹ ti fẹ́ rí irú ẹ̀ rà? Àwọn tó bá ní "ẹ jẹ́ ká bá yín palẹ̀ ẹ̀ mọ́" ń lọ tà á ni. Orí tó jẹrà nìkan ni kẹ́ ẹ gé, kẹ́ ẹ so tuntun mọ́ ọn, kí méjèèjì gun ara wọn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kẹ́ ẹ fi bóòtù dè é, kì í ṣe ìṣó. Fún èyí tẹ́ ẹ máa rà, tíkì dáa, ó sì wà lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo, ikán ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ igi yòókù, ti inú lọ́hùn-ún tó ṣókùnkùn ló lágbára. Ọ̀pá tíkì kéékèèké tí kò tíì dàgbà, funfun ló pọ̀ nínú ẹ̀. Epo dúdú tí wọ́n fà kúrò nínú mọ́tò, tí gbogbo ayé ń kùn sígi, mi ò fara mọ́ ọn, á máa rùn títí, iná á sì tètè ràn án. Ẹ ra oògùn ikán tí wọ́n ṣe fún igi, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ ri orí tó máa kan ògiri bọ inú rẹ̀ mọ́jú.

Ẹ wá lè lọ ra páànù báyìí. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè lọ́jà, 24/100, 35/100, bó ṣe nípọn sí nìyẹn, 35/100 jẹ́ mílímítà 0,35. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilé adìẹ. Ilé téèyàn ń gbé, 35/100 ni kẹ́ ẹ máa wò bí owó bá ká a, kẹ́ ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n: páànù méjì tó gùn bákan náà, tó fẹ̀ bákan náà, tí wọ́n ní nọ́ńbà kan náà ni, ó yẹ kí wọ́n wúwo bákan náà. Àjàṣẹ́ wà létí ọ̀sà, òkun ò sì jìnnà, atẹ́gùn ibẹ̀ ní ọ̀rinrin àti iyọ̀, torí náà alumí, tàbí irin tí wọ́n fi alumí pọ̀ mọ́ síńkì bò, ló máa pẹ́ ju ti síńkì lásán lọ. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ jìnnà sókun, síńkì tó nípọn á ṣe wọ́n lóore, owó rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Alumí kì í bá símẹ́ńtì tútù àti ṣóò ṣe o, ibi tí wọ́n bá ti ń kanra á máa jẹ ẹ́ títí á fi lu, torí náà ẹ fi ọ̀dà dúdú tàbí rọ́bà sáàárín páànù àti ògiri. Alumí tún ń nà gan-an: páànù mítà 6, bí ooru ara rẹ̀ bá fi digírì 40 yàtọ̀ láàárín oòrùn ọ̀sán àti ìgbà tí òjò bá ṣàdédé bọ́ sí i lára, gígùn rẹ̀ á yí padà ní nǹkan bíi mílímítà 6, ti irin á jẹ́ ìdajì ìyẹn. Kí ihò tẹ́ ẹ bá lu fẹ̀ díẹ̀ ju físì (ìṣó tí wọ́n ń lọ́ wọlé) lọ, kí rọ́bà bò ó.

Ẹ wọn òrùlé lórí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ má wọn ọ́n nílẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ digírì 30 ni mo fẹ́ràn fún ìjì wa, ìyẹn ni pé mítà kan tẹ́ ẹ bá lọ síwájú, ẹ gòkè sẹ̀ǹtímítà 58. Bí góńgó (ṣóńṣó òrùlé) sí ògiri bá jẹ́ mítà 4 nílẹ̀, tẹ́ ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà 60 kún un kí etí òrùlé yọ síta kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má máa fọ ògiri, mítà 5,3 ni páànù yín, kì í ṣe 4,6. Níbi ìṣirò yìí lowó ẹbí ti máa ń tán lójijì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òrùlé tó dà sọ́nà mẹ́rin di ọ̀nà méjì torí kí iṣẹ́ lè yá, ìjì kì í rójú gbá ọlọ́nà mẹ́rin mú.

Títo rẹ̀ wàyí. Apá kan ni kẹ́ ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan, kí báàṣì (tapólì) wà nítòsí. Ìlà-oòrùn nìjì ti ń bọ̀, torí náà ìwọ̀-oòrùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kẹ́ ẹ máa tò bọ̀ wá sí ìlà-oòrùn. Èyí tó bá tẹ̀lé á gun ti àkọ́kọ́, etí rẹ̀ á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀fúùfù á gba orí rẹ̀ kọjá kò ní rọ́nà wọ abẹ́ ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí páànù gun ara wọn ní ìgbì méjì, láti òkè sísàlẹ̀ kó tó sẹ̀ǹtímítà 20. Orí ìgbì ni físì ń wọ̀, kì í ṣe kòtò, torí kòtò lomi ń gbà. Kí igi ìbú tó gbé páànù fi sẹ̀ǹtímítà 80 jìnnà síra, kó dín sí 60 létí ilé. Láàárín òrùlé ẹ lè máa fo ìgbì méjì kẹ́ ẹ tó fi físì, ṣùgbọ́n létí, nígun, lábẹ́ góńgó, ẹ má fo ju ọ̀kan lọ, ibẹ̀ nìjì ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà làwọn oníṣẹ́ ti máa ń ṣahun físì torí ó ti rẹ̀ wọ́n nírọ̀lẹ́. Irin wẹ́wẹ́ tó já sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lu ihò, ẹ gbá a kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, bí ìrì bá sẹ̀ sí i lóru á dípẹtà, á sì ran páànù tuntun.

Ẹ fi gutíyẹ̀ (ọ̀nà omi etí òrùlé) sí i, kí omi rẹ̀ dà jìnnà sí ìdí ògiri. Ẹ má dí àwọn ihò atẹ́gùn tó wà lókè lábẹ́ òrùlé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu wọn nítorí àdán, torí bẹ́ ẹ bá dí wọn yàrá ò ní ṣeé sùn.

Owó iṣẹ́: ẹ má san án tán. Ẹ di ìdá kan nínú márùn-ún mú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ó di ìgbà tí òjò ńlá mẹ́ta bá rọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, kí ẹnì kan gun àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, kó sàmì síbi tó bá ń jò, kẹ́ ẹ pe káfíńtà wá kó wò ó, kó tún gbogbo físì etí òrùlé lọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ tó san ìyókù.