Ẹ̀wà Tó Hù: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Ẹ Kò Gbọ́dọ̀ Ṣe

Ó rọrùn láti mú ẹ̀wà hù nílé. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ dànù, ẹ dà á sínú ìgò, ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ẹnu rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ̀hù funfun á ti yọ. Ìrọ̀rùn yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣọ́ra.

Àṣìṣe tó léwu jù ni kí ẹ jẹ ẹ́ láìsè. Ooru àti ọ̀rinrin tó ń mú irúgbìn hù náà ló ń mú kòkòrò àrùn pọ̀ sí i. Láti oko ni kòkòrò náà ti lè wà lára irúgbìn, kó sá sábẹ́ èèpo tó sán, débi pé fífọ̀ kò ní lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Lọ́dún 2011, àrùn tí kòkòrò E. coli ń fà jà ní Jámánì. Fenugreek tó hù, ìyẹn irúgbìn kékeré kan tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀, ni wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé. Èèyàn tó lé ní 50 ló kú, nǹkan bí 4,000 ló ṣàìsàn. Nítorí náà, ẹ dà á sínú ọbẹ̀ tó ń hó, tàbí kí ẹ fi epo díẹ̀ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà títí yóò fi gbóná dénú. Aboyún, ọmọdé àti àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ fi tútù rẹ̀ kan ẹnu rárá.

Ẹ má mú ọkà bàbà hù láti fi ẹ̀hù rẹ̀ sí sàláàdì. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa ń mú un hù fún ọtí, ṣùgbọ́n wọ́n ń sá a, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń sè é dáadáa. Inú ẹ̀hù tútù yẹn ni sáyánáìdì ti ń jáde, májèlé kan náà tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín náà ní májèlé tirẹ̀. Bó hù, bí kò hù, ó gbọ́dọ̀ hó kanlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Irúgbìn tí wọ́n kùn ní pupa tàbí búlúù, ti gbígbìn ni, oògùn wà lára rẹ̀. NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa àwọn tó ń fín oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà ọjà. Bí òórùn oògùn bá ń jáde lára ẹ̀wà tí ẹ rẹ, ẹ dà á nù.

Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú omi lẹ́yìn wákàtí méjìlá. Ẹ fi omi tó ṣeé mu ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ẹ sì da ojú ìgò dé kí omi lè ro tán. Irun funfun wẹ́wẹ́ lè yọ lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá bu omi sí i tó sì pòórá, irun gbòǹgbò lásán ni. Àmọ́ èyí tó ta bí òwú aláǹtakùn bo ẹ̀wà fúnra rẹ̀, tó tún ń rùn, ó ti bu nìyẹn.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, inú fìríìjì tó tutù dáadáa ni kó wà, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, ìwọ̀nba tí ẹ máa sè lọ́jọ́ kan ni kí ẹ mú hù.