Bí wọ́n ṣe ń tọpa iṣẹ́ agbá-básíkẹ́ẹ̀tì ọmọ Dominican: ẹ jẹ́ ká fi Al Horford ṣe é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jiyàn básíkẹ́ẹ̀tì lórí WhatsApp ni mo ń kọ eléyìí fún, ẹ kúkú mọ ara yín. Tí wọ́n bá ti dárúkọ èèyàn kan báyìí, ẹ ó sáré lọ Google, ẹ ó wo iye póìǹtì tó ń jù nínú eré kan, ẹ ó ní "póìǹtì 13 péré, ṣé ìyẹn náà ni star?" Fún ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ high school, tó lọ yunifásítì, tó bọ́ sí NBA, ìyẹn lè ṣiṣẹ́ díẹ̀. Fún ọmọ Dominican Republic kò lè ṣiṣẹ́ o, torí iṣẹ́ wọn máa ń fọ́n ká ni, apá kan á wà ní Santo Domingo, apá kan á wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Florida, òmíràn á wà ní Sípéènì, òmíràn á wà nínú eré orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbá ní Venezuela lóṣù keje tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò wò. Àfi kéèyàn lọ ṣà á jọ. Al Horford, ọmọ Dominican tó gbá ní NBA, ni màá fi ṣàlàyé torí iṣẹ́ tiẹ̀ gùn, kò sì sí ọ̀fìn tó lè ṣi èèyàn lọ́nà tí kò sí nínú ẹ̀.

Orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú. Àwọn tó ń sọ Spanish máa ń jẹ́ orúkọ ìdílé méjì, ti bàbá á ṣáájú, ti ìyá á tẹ̀lé e, nítorí náà Al Horford tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, Alfred Joel Horford Reynoso ni lódindi. Ẹ fi orúkọ gígùn wá ẹni tẹ́ ẹ bá ń wá, kẹ́ ẹ fi "baloncesto", ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tì ní Spanish, tì í lẹ́yìn, ẹ ó rí i pé ohun tó máa jáde á yàtọ̀, torí àwọn ìwé ìròyìn ilé wọn bíi Listín Diario àti Diario Libre máa ń kọ nípa eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gbá. Tẹ́ ò bá gbọ́ Spanish, ẹ jẹ́ kí fóònù yín túmọ̀ ẹ̀, kò ní dáa tó, ṣùgbọ́n iye póìǹtì àti déètì kì í yí padà.

Orúkọ yẹn náà lá mú yín délé. Reynoso yẹn, Arelis Reynoso ni ìyá ẹ̀, oníròyìn eré ìdárayá ni. Horford yẹn, Tito Horford ni, òun gan-an lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Dominican Republic tó gbá ní NBA, ẹgbẹ́ Milwaukee ló mú un nínú draft ọdún 1988, ìyẹn ibi tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ti ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun níkọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ Tito ní NBA ò pẹ́, kò sì lókìkí, ọ̀pọ̀ èèyàn á fò ó kọjá pé kí ló kàn wá. Ẹ má fò ó. Èmi ò rò pé ẹ lè lóye ọmọ yẹn láìmọ bàbá, torí nǹkan tó wọ́n jù fún ọmọ Dominican tó fẹ́ gbá básíkẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó ti rin ọ̀nà yẹn rí. Baseball ni ọba níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó mọ baseball jù, àwọn ẹgbẹ́ ńlá Amẹ́ríkà á fúnra wọn wá bá a nílé pẹ̀lú kọ́ńtíráàtì, wọ́n ti kọ́ ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ káàkiri erékùṣù yẹn fún un. Oní-básíkẹ́ẹ̀tì ò ní irú ẹ̀. Òun ló máa gbéra lọ.

Níbi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni club àdúgbò. Ẹ wá club tí ẹni yẹn ti jáde. Ní Santo Domingo, àwọn bíi Mauricio Báez, San Lázaro, San Carlos, Los Prados, àdúgbò ni wọ́n ń ṣojú fún, tí wọ́n bá sì ti ń gbá ìdíje ìlú yẹn nínú Palacio de los Deportes Virgilio Travieso Soto, ìlù àti fèrè inú ibẹ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ara yín. Líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè, ìyẹn LNB, ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ míì, àwọn ẹgbẹ́ bíi Metros de Santiago àti Cañeros ti La Romana ló wà níbẹ̀, àárín ọdún ni wọ́n ń gbá a. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí òun ló ń jẹ́ kí orúkọ ẹnì kan náà wà nínú tíìmù méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọdún kan. Kì í ṣe pé wọ́n lé e, bí wọ́n ṣe ń jẹun nìyẹn: sáà tutù ní orílẹ̀-èdè kan, sáà ooru nílé, kó tún fò lọ Puerto Rico tí wọ́n bá pè é.

Ó kan ilé ìwé. Puerto Plata ni wọ́n bí Horford sí, 3 oṣù kẹfà 1986, lọ́dún 2000 ló lọ bá bàbá ẹ̀ ní Michigan, ó lọ high school ní Grand Ledge, ó wá wọ yunifásítì Florida. Níbí yìí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: ọdún mélòó ló lò níbẹ̀, àwọn wo ni wọ́n jọ gbá? Horford lo ọdún mẹ́ta. Òun, Joakim Noah àti Corey Brewer gba ife NCAA, ìyẹn ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, lọ́dún 2006, gbogbo ayé ní kí wọ́n máa lọ NBA kí owó má baà sá lọ, wọ́n ní rárá, wọ́n padà wá, wọ́n tún gbà á lọ́dún 2007. Ìgbà yẹn ni Atlanta Hawks wá fi nọ́ńbà kẹta mú un, lẹ́yìn Greg Oden àti Kevin Durant. Ẹ wá fi Chris Duarte wé e. Puerto Plata kan náà ni wọ́n bí òun náà sí, ṣùgbọ́n New York ló gbà, ó lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó ń jẹ́ Northwest Florida State, ó lọ Oregon, nígbà tí Indiana máa fi nọ́ńbà 13 mú un lọ́dún 2021, ó ti pé ọmọ ọdún 24. Ẹ máa wo ọjọ́ orí níbi draft, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ 24 tó ṣe dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọmọ 19, àwọn tó ń fọ́nnu pé Duarte máa di àràmàǹdà nígbà yẹn ò ka ọjọ́ orí ni.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà wá kù, ibi tí ariyanjiyàn pọ̀ sí nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ṣí téébù Horford, ẹ má wo póìǹtì ná, ẹ wo iye eré. Sáà 2011-12, eré 11 péré. Sáà 2013-14, eré 29. Ẹran àyà ló já, ti òsì lọ́dún 2012, ti ọ̀tún lópin 2013, ẹ̀ẹ̀kan lọ́tùn-ún ẹ̀ẹ̀kan lósì, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀ torí sáà tó ní póìǹtì tó pọ̀ jù láyé ẹ̀, 18.6 nínú eré kan, inú ọdún tó gbá eré 29 yẹn ló wà. Ẹni tó kàn wo 18.6 á rò pé òkè téńté ló wà nígbà yẹn, kò mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ti parí ọdún.

Ohun kejì tẹ́ ẹ máa wò ni àwọn bọ́ọ̀lù tó ń jù láti òkèèrè, èyí tó jẹ́ póìǹtì mẹ́ta. Ibi tí gbogbo ìtàn ọkùnrin yìí wà nìyẹn o. Sáà 2014-15, Hawks gba eré 60, lóṣù kìíní wọ́n gbá 17 wọ́n borí 17, líìgì fún gbogbo àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré lápapọ̀ ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lóṣù yẹn ní apá ìlà-oòrùn, nǹkan tí wọn ò ṣe rí. Horford wà lára wọn, All-Star ni, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù póìǹtì mẹ́ta tó jù ní gbogbo sáà yẹn ò ju 36 lọ. Sáà tó tẹ̀lé e ó ju 256. Ọmọ ọdún 29 ni. Èèyàn gíga tó ń jẹun lábẹ́ agbọ̀n láti kékeré, tó ní nǹkan lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú, ló jókòó kọ́ iṣẹ́ míì. Nígbà tó fi máa di sáà 2022-23 tó ti ń sún mọ́ ogójì, 44.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wọlé fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọn ò kọ́ ọ ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń tọpa ẹnikẹ́ni, ọdún tí iṣẹ́ ẹ̀ yí padà ni kẹ́ ẹ wá, ó dáa ju ọdún tí póìǹtì ẹ̀ pọ̀ jù lọ.

Owó náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń purọ́ nígbà míì. Boston fún un ní mílíọ̀nù 113 dọ́là fún ọdún mẹ́rin lọ́dún 2016. Lọ́dún 2019 ó lọ Philadelphia, kọ́ńtíráàtì tó lè tó mílíọ̀nù 109, wọ́n ti Joel Embiid àti òun pọ̀ sábẹ́ agbọ̀n kan náà, ọ̀rọ̀ ò wọ̀, ọdún kan péré wọ́n fi ránṣẹ́ sí Oklahoma City. Níbẹ̀ ó gbá eré 28, wọ́n wá sọ fún un pé kó jókòó, àwọn fẹ́ kọ́ àwọn ọmọdé. Ara ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan o! Ẹni tó bá wo téébù nìkan á kà á sí injury tàbí kó ní ó ti tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ máa ka ìròyìn ọdún tí nọ́ńbà bá ṣàdédé já. Lọ́dún 2021 Boston fi Kemba Walker pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n gbà á padà, ọdún kejì ó ti wà ní Finals, ìyẹn àṣekágbá NBA, lẹ́yìn eré playoff (ìfagagbága tí wọ́n ń gbá tí sáà bá parí) 141, kò sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí kó tó fojú rí Finals.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ mú eré kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti Horford, mo ní kẹ́ ẹ mú 9 oṣù karùn-ún 2022, ní Milwaukee, eré kẹrin nínú playoff Boston pẹ̀lú Milwaukee. Giannis ti Milwaukee, ọmọ Adétòkunbọ̀ tiwa yẹn, dunk lé Horford lórí ní quarter kẹta, ó wá dúró ó ń wò ó tìkàtẹ̀gbin, rẹfirí fún un ní technical, ìyẹn ìjìyà fún ìwà àìtọ́. Ẹ wo orí Horford nígbà yẹn. Ó ń mi orí sókè sódò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé ó gbọ́, kò ní torí ìyẹn jà. Ní quarter kẹrin ó dunk lé Giannis náà lórí, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ kan ọmọ wa lójú, wọ́n fún òun náà ní technical. Póìǹtì 30 ló parí ẹ̀ pẹ̀lú, 16 nínú ẹ̀ ní quarter kẹrin yẹn, Boston borí 116-108. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ni Giannis, ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá dáa ó dáa. Lọ́dún 2024 Boston na Dallas 4-1, Horford di ọmọ Dominican àkọ́kọ́ tó gbá tó sì gba ife NBA.

Ẹ má wá pa ìwé dé láì wo tíìmù orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ò rántí pé tíìmù Horford la nà ká tó lọ Olympics. Dominican gba bronze nínú ìdíje gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Àríwá àti Gúúsù, lọ́dún 2011 ní Argentina, ìyẹn ló gbé wọn dé ìdíje tí wọ́n fi ń wá àyè Olympics ní Caracas lóṣù keje 2012, ẹni mẹ́ta ló máa lọ London, Rọ́ṣíà àti Lithuania ti mú méjì. Ó ku ẹyọ kan. Ayọ̀ Bákàrè ni kóòṣì tiwa, John Calipari ti Kentucky ni kóòṣì tiwọn, a na wọ́n 88-73, D'Tigers lọ Olympics fún ìgbà àkọ́kọ́. Títí Olympics Paris 2024 fi parí, tíìmù Dominican ò tíì dé ibẹ̀ rí. Ọmọ ọdún 16 kan wà nínú tíìmù wọn nígbà yẹn o, Karl-Anthony Towns, New Jersey ni wọ́n bí i sí, ìyá ẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Dominican. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú wọn, ẹ má pè wọ́n ní àyálò. Kẹ́ ẹ sì tún wo World Cup 2019 ní Ṣáínà: Horford ò sí, Towns ò sí, wọ́n na Jámánì 70-68. Víctor Liz àti àwọn tó ń gbá líìgì ilé àti líìgì kéékèèké káàkiri ló ṣe é. Tó bá jẹ́ NBA nìkan lẹ̀ ń wò, ẹ ò lè mọ orúkọ Liz láéláé.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí ní NBA, torí àwọn ló pọ̀ jù. Andrés Feliz, ọmọ Santo Domingo, Northwest Florida State kan náà tí Duarte lọ lòun náà lọ, ó lọ Illinois, NBA ò mú un. Tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ó ní ó ti parí. Ó lọ Prat ní líìgì kékeré kan ní Sípéènì, ó gòkè sí Joventut Badalona, lọ́dún 2024 Real Madrid mú un. Fún irú eléyìí, ojú-ìwé ACB, líìgì tó ga jù ní Sípéènì, ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì rántí pé ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ń gbá ní Yúróòpù, kì í ṣe 48, tíìmù ńlá sì máa ń pín àkókò káàkiri, póìǹtì mẹ́wàá níbẹ̀ kì í ṣe póìǹtì mẹ́wàá NBA.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ fúnra yín, ẹ mú Jean Montero. Wọ́n bí i ní Santo Domingo lọ́dún 2003, wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún draft 2022 kò sẹ́ni tó mú un, ó ti kọjá Betis àti Andorra kó tó dé Valencia. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi draft yẹn o. Gran Canaria ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó wà lọ́mọdé níbẹ̀.