Wíwá Ẹ̀yà Àlòkù Tó Bá Ọkọ̀ Àtijọ́ Mu ní Ọgbà Òkú Ọkọ̀

Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ tó ti pé ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kò ní í ta ẹ̀yà tó bàjẹ́ lára rẹ̀ mọ́, tàbí tí owó ẹ̀yà tuntun yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọgbà òkú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lọ nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbé ẹ̀yà tí kò wọ ọkọ̀ wọn bọ̀ wálé, nítorí pé orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ nìkan ni wọ́n mú lọ. Orúkọ àti ọdún kò tó. Ohun tó ń pinnu bóyá ẹ̀yà kan yóò wọ ọkọ̀ yín ni nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀yà náà, ìwọ̀n rẹ̀, àti irú ẹ́ńjìnnì àti gíà tí wọ́n ṣe é fún. Ọkọ̀ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè má lo bíréèkì kan náà, nígbà tí méjì mìíràn tí orúkọ wọn kò jọra rárá lè máa lo ẹ́ńjìnnì kan náà.

Ara ọkọ̀ tiyín ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tí a mọ̀ sí VIN sílẹ̀. Ó sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú tàbí ní ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Láti ọdún 1981 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wọn kì í sì í lo lẹ́tà I, O àti Q nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí ọkọ̀ ti wá: J jẹ́ ti Japan, W jẹ́ ti Jámánì. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà àti Kánádà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún módẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ fún ibòmíràn ló ń tẹ̀ lé ìlànà yìí.

Lójú tèmi, oṣù tí ọkọ̀ jáde ní ilé iṣẹ́ wúlò ju ọdún módẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì sábà máa ń wà lára àkọlé ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kì í fi dandan dúró de ọdún tuntun kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni ìrísí ọkọ̀ kì í fi dandan yí padà nígbà tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá yí padà. Ẹ wo Toyota Camry tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1992 sí 1996: èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V6 lo 3VZ-FE fún ọdún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé 1MZ-FE sí i láti ọdún 1994. Ẹni tó bá béèrè fún ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì “Camry V6” láìsọ èwo nínú méjèèjì, orí ló fi ń ta á. Nítorí náà, ẹ ka orúkọ ẹ́ńjìnnì lára irin rẹ̀ tàbí lára àkọlé tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí irin sì borí ìwé bí méjèèjì bá ta kora. Ọkọ̀ tó ti gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá lè ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí gíà láìsí àkọsílẹ̀ kankan.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan nọ́ńbà ẹ̀yà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó ń gbà tò ó. Ti Toyota sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́wàá tí a pín sí méjì: márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ irú ẹ̀yà tó jẹ́, bí 81110 fún iná iwájú apá ọ̀tún àti 81150 fún ti apá òsì, márùn-ún ìkẹyìn sì ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Ti Volkswagen ń fi mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀yà náà fún, tí 1J0 fi jẹ́ ti Golf ìran kẹrin; bí ẹ bá rí 1J0 lára ẹ̀yà tó wà nínú Audi A3 tàbí Škoda Octavia ìgbà náà, ẹ ti mọ̀ pé inú àpò kan náà ni wọ́n ti mú un. Ní ti Mercedes, A124 ń tọ́ka sí W124, tó jẹ́ orúkọ oríṣi Mercedes kan, ẹ ó sì máa bá a pàdé lára ọkọ̀ tí kì í ṣe W124 rárá. Ẹ kọ nọ́ńbà náà tán pátápátá, títí kan lẹ́tà tó gbẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yà àkọ́ṣe àti èyí tí wọ́n tún ṣe. Ilé iṣẹ́ tún máa ń fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́, tí ẹ̀yà tuntun yóò sì wọ ibi tí ti àtijọ́ wà. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà tuntun lè fi ìtàn nọ́ńbà wọ̀nyí hàn yín nínú kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ bí ẹ bá bi í, ẹ sì ní láti kọ gbogbo wọn sílẹ̀, torí pé èyí tó ti kú nínú kátálọ́ọ̀gù gan-an ni ẹ ó bá lára òkú ọkọ̀.

Ọkọ̀ ní ọmọ ìyá. Ilé iṣẹ́ kan lè kọ́ ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi ṣe ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lexus ES 300 ti ọdún 1992 sí 1996 àti Camry V6 ìgbà náà jẹ́ ọmọ ìyá. Pontiac Vibe àti Toyota Matrix tí wọ́n jáde ní ọdún módẹ́ẹ̀lì 2003 jẹ́ ọmọ ìyá, bẹ́ẹ̀ náà ni Ford Crown Victoria, Mercury Grand Marquis àti Lincoln Town Car. Ford Probe ń lo ìpìlẹ̀ Mazda 626 àti MX-6. Golf ìran kẹrin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní SEAT León mọ́ A3 àti Octavia. Ohun tó sábà máa ń bára mu láàárín ọmọ ìyá ni èyí tí ojú kò rí: ẹ́ńjìnnì, gíà, ṣáàfútù, bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì, rédíétọ̀, mọ́tò gíláàsì. Ohun tó sábà máa ń yàtọ̀ ni èyí tí ojú rí: iná, bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má sì gbójú fo ọmọ ìyá tí àwọn ènìyàn kò mọ̀. Wọ́n lè ti tú gbogbo Matrix inú ọgbà kan tán kí Vibe sì ṣì wà ní odindi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn tó wá ẹ̀yà Toyota kò yẹ ọkọ̀ Pontiac wò.

Bí ẹ kò bá mọ ọmọ ìyá ọkọ̀ yín, àkọsílẹ̀ wà. Ní Amẹ́ríkà, ìwé Hollander ni àwọn ọlọ́gbà òkú ọkọ̀ ti ń lò láti ọdún 1934: ó ń fún gbogbo ẹ̀yà tó lè rọ́pò ara wọn ní nọ́ńbà kan náà, láìka ọkọ̀ tí wọ́n ti wá sí, ó sì ti wà lórí kọ̀ǹpútà báyìí. Bí ọgbà tí ẹ ń lọ bá ń lo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ fún wọn ní VIN, kí wọ́n bá yín wo èyí tó wà nílẹ̀.

Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ kì í mú ìwọ̀n kúrò. Ẹ tú ẹ̀yà tó bàjẹ́ náà kí ẹ sì gbé e dání lọ bí ó bá ṣeé gbé. Alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó rọrùn láti rà á ní àṣìṣe: ẹ wo iye etí tí bóòtù ń gbà kọjá àti bí ihò wọn ṣe jìnnà síra, ẹ ka iye ìlà tó wà lára púlì rẹ̀, ẹ fi ẹnu sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé ti tiyín, kí ẹ sì ka iye amp tí wọ́n kọ sí i lára. Èyí tí amp rẹ̀ ga díẹ̀ kì í sábà ní ìṣòro, bí wáyà tó ń gba iná rẹ̀ bá lágbára tó. Èyí tí amp rẹ̀ kéré ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ní ti sítátà, ẹ ka eyín orí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ọkọ̀ gíà mánúwà ló ti wá tàbí ti gíà ọ́tò, torí pé méjèèjì lè yàtọ̀. Rédíétọ̀ ọkọ̀ gíà ọ́tò sábà máa ń ní ẹnu páìpù méjì fún ọ́ìlì gíà, èyí tí ti mánúwà kì í ní. Ní ti ṣáàfútù, ẹ ka eyín orí méjèèjì, kí ẹ sì wò ó bóyá òrùka ABS (ti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) wà lára rẹ̀.

Rímù náà ń tan ni jẹ. Ihò bóòtù márùn-ún tó wà lórí òbírí 114.3 mm (5x114.3) wọ́pọ̀ lára Toyota, Honda, Mazda àti Ford, ṣùgbọ́n ihò àárín wọn kò dọ́gba: ti Toyota sábà máa ń jẹ́ 60.1 mm, ti Honda 64.1 mm, ti Mazda 67.1 mm. Rímù tí ihò àárín rẹ̀ kéré ju ti ọkọ̀ yín lọ kò ní í wọlé, èyí tó sì tóbi jù yóò nílò òrùka tí yóò dí àlàfo náà. Ẹ tún wo nọ́ńbà ET tó wà nínú rímù, tó ń sọ bí yóò ṣe wọnú tàbí yọ síta tó. Crown Victoria tó jáde láti ọdún 2003 ní iye ihò kan náà pẹ̀lú èyí tó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ET rẹ̀ ti yí padà púpọ̀, rímù ti ọ̀kan kò sì yẹ fún èkejì.

Nígbà tí ẹ bá dé ọgbà, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó pa ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ tú. Èyí tí wọ́n kọlù lẹ́yìn lè ní ẹ́ńjìnnì tó dára, èyí tí wọ́n kọlù níwájú sì lè ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó dára. Ọkọ̀ tí kò ní ojú ọgbẹ́ rárá ni kí ẹ fura sí jù, torí pé ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì tàbí gíà ló gbé e débẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ohun funfun bíi wàrà bá lẹ̀ mọ́ ọn, omi lè ti wọnú ọ́ìlì. Ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti ara bóòtù púlì ìsàlẹ̀, ẹ sì fi èyí tó bá kọ̀ láti yí sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ pláàgì rẹ̀ tí òjò sì ń rọ̀ sínú ihò wọn, ẹ kọjá. Ọ́ìlì gíà ọ́tò tó dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná kò yẹ ní rírà. Ní ti ara ọkọ̀, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lé ilẹ̀kùn tàbí fẹ́ńdà tó bá jẹ́ irin; ibi tí kò bá ti dì í mú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bódìfílà ni wọ́n fi kún un. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, láé.

Àwọn nǹkan kan wà tí n kò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni rà ní ọgbà òkú ọkọ̀, bó ti wù kí wọ́n dọ́gba tó: páàdì bíréèkì, rọ́bà bíréèkì, bẹ́líìtì táímìnì, bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ tó ti jàǹbá, àti airbag (àpò tó ń wú láti dáàbò bo ènìyàn nígbà jàǹbá). Airbag tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, tí kẹ́míkà ammonium nitrate wà nínú rẹ̀, ti pa ènìyàn nígbà tó bú gbàmù, nǹkan bíi mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún nínú wọn ni wọ́n sì ti pè padà. Ohun tó wà nínú òkú ọkọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì pààrọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra táyà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọlé DOT tó wà lára rẹ̀: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2018. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, lè bá nọ́ńbà mu síbẹ̀ kó má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yín dáná, pàápàá lára ọkọ̀ ìparí àwọn ọdún 1990 síwájú tó ní immobilizer, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dáná bí kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Ẹ rà á pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti àpótí immobilizer ọkọ̀ kan náà, tàbí kí ẹ ti rí ẹni tó lè kọ́ ọ mọ kọ́kọ́rọ́ yín ṣáájú.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ yà á ní fọ́tò bó ṣe wà. Ẹ kó bóòtù, nọ́ọ̀tì àti irin tó gbé e dúró pẹ̀lú rẹ̀, torí pé bóòtù kan ṣoṣo tó sọnù lè dá iṣẹ́ dúró. Bí sókẹ́ẹ̀tì tiyín bá ti bàjẹ́, ẹ gé ti òkú ọkọ̀ pẹ̀lú wáyà tó gùn tó ìbú ọwọ́ kan ó kéré tán, kí ààyè lè wà láti so ó. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀yà padà, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì dán ẹ̀yà náà wò láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator tó dára sábà máa ń fi nǹkan bíi volt 13.5 sí 14.5 hàn lórí bátìrì. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì odindi ni ẹ rà, ẹ pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn rẹ̀, pọ́ǹpù omi àti bẹ́líìtì táímìnì nígbà tó ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá ti gbé e wọnú ọkọ̀ tán, ẹ ní láti tú gíà kúrò kí ọwọ́ tó lè dé ibi síìlì ẹ̀yìn náà.