Bí Mo Ṣe Yan Ohun Tí A Fi Bo Dẹ́kìn Ilé Màámi

Dẹ́kìn, ìyẹn òrùlé kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó bo àwọn ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé Màámi ní Ìbàdàn ti ń jò tipẹ́. Omi ti wọ inú kọnkéré débi pé róòdù inú rẹ̀ ti dípẹtà. Bí irin bá sì ti dípẹtà, wíwú ló máa ń wú, á wá máa ti kọnkéré abẹ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a tún abẹ́ rẹ̀ ṣe, èmi ni wọ́n ní kí n lọ wá ohun tí a ó fi bo òkè.

Ẹni tó bá wọ ọjà tó ní òun fẹ́ èyí tó dára jù, ohun tí ọlọ́jà fẹ́ tà ni yóò gbé bọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi ara mi ni pé: ta ló ń gun dẹ́kìn yìí, kí ni wọ́n sì ń lọ ṣe níbẹ̀? Táǹkì omi wà níbẹ̀. Aṣọ ń gbẹ níbẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ibẹ̀ ni Màámi ń sá èlùbọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kan páànù lé e. Màámi ní, "Kí n wá máa sá nǹkan síbo?" Ọ̀rọ̀ páànù parí síbẹ̀. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi kẹ́míkà adènà-omi pò kò wù mí, torí oòrùn máa ń mú kọnkéré fẹ̀, òru á tún mú un sún kì, ohun tó bá sì le gbagidi yóò là lórí rẹ̀. Ọ̀dà funfun tó dà bíi rọ́bà, èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, rọrùn, ó sì ń lé ooru padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á tètè jẹ ẹ́. Rọ́bà fífẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ ní ìlú òyìnbó dára púpọ̀, àmọ́ mi ò rí oníṣẹ́ kankan nítòsí tó ti lẹ̀ ẹ́ rí. Ó wá ku fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀dà dúdú tí wọ́n ṣe bí ẹní tí wọ́n sì ká ní róòlù, tí wọ́n ń fi iná gáàsì yọ́ mọ́lẹ̀.

Kí n tó ra fẹ́ẹ̀tì, bàbá bíríkìlà wa ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, omi ò mọ iye tí o ra nǹkan. Ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń lọ." A fi símẹ́ńtì tẹ́ ojú dẹ́kìn náà kó lè máa rẹlẹ̀ lọ sí ojú páìpù: sẹ̀ǹtímítà 1 nínú sẹ̀ǹtímítà 80 ó kéré tán. Láti ògiri ilé dé ojú páìpù tiwa jẹ́ mítà 6, nítorí náà ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5. A jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lálẹ́, mo lẹ náílọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò sí ìrì lábẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti ṣetán.

Fẹ́ẹ̀tì tí mo rà nípọn tó mìlímítà 4. Róòlù kan fẹ̀ ní mítà 1, ó gùn ní mítà 10, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun orí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 10, kò lè bo gbogbo ìbú àti òró yẹn tán. Ẹ wo aṣọ inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: èyí tó jẹ́ pọliẹ́sítà kì í tètè ya bí èyí tó jẹ́ fáíbà gíláàsì.

Ojú ìpàdé róòlù méjì ni iṣẹ́ wà. Bí iná bá tó, ọ̀dà dúdú á yọ́ jáde létí ìpàdé bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán. Níbi tí okùn yẹn kò bá ti hàn, mo ní kí wọ́n fi ṣóńṣó tíráwẹ̀lì wò ó. Tó bá wọlé, wọ́n á tún un yọ́. Lára ògiri kúkúrú tó yí i ká, a fà á sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15, igun ìsàlẹ̀ ni a sì ti fi símẹ́ńtì dí ní dídagẹ̀rẹ̀ kí fẹ́ẹ̀tì má baà ṣẹ́. Lẹ́yìn náà a dí ojú páìpù, a da omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí i fún wákàtí 48. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú.

Ó ku ti èlùbọ́. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà dúdú inú fẹ́ẹ̀tì. Símẹ́ńtì àti táìsì lórí fẹ́ẹ̀tì ni ojútùú rẹ̀, ó sì tún ń gba fẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oòrùn, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 100 ní mítà kan níbùú lóròó. Ẹnjiníà tó wá wò ó ní ká má tẹ́ ẹ káàkiri. Apá ẹnu ọ̀nà nìkan la tẹ́, náílọ́ọ̀nù wà láàárín òun àti fẹ́ẹ̀tì kí símẹ́ńtì má baà fà á ya, àlàfo sì wà láàárín táìsì. Apá yòókù la fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn nítorí oòrùn. Ọ̀dà yẹn ni yóò kọ́kọ́ ṣá, mo sì ti ra gálọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ fún un. Ewé tó ń dí ojú páìpù ni Màámi ń gbá kúrò kí òjò oṣù kẹta tó dé.